Kì í ṣe gbogbo ọ̀pẹ ló yẹ ẹnu géètì

Ilé tuntun kì í pẹ́ mọ̀ yàtọ̀ ní àwọn ìlú ńlá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kí ọ̀dà tó gbẹ lára ògiri, ọkọ̀ akẹ́rù kan á ti dúró lẹ́nu géètì, wọ́n á sì máa já ọ̀pẹ méjì sílẹ̀, ọ̀kan fún apá ọ̀tún, ọ̀kan fún apá òsì. Ì báà jẹ́ Lẹ́kí, Gwarinpa ní Abuja, East Legon ní Accra tàbí Calavi lẹ́bàá Cotonou, ọ̀pẹ kan náà ni: èyí tí àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ń pè ní royal palm. Ara rẹ̀ funfun bí ẹni pé sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi mọ ọ́n, ọrùn rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ó sì dúró ṣánṣán. Ẹni tó bá ń kọjá lọ á ti mọ̀ pé onílé yìí ti rí ṣe.

Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé igi náà kò yẹ ibi tí wọ́n ń gbìn ín sí. Ọgbà ilé ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì, tí àyè ti tán níbẹ̀ bí mọ́tò méjì bá wọlé, kì í ṣe ibi tí royal palm ń gbé. Ọ̀pẹ kékeré ló yẹ irú ọgbà bẹ́ẹ̀, èyí tí kò ní ga ju fèrèsé òkè lọ títí ayé rẹ̀. Àwọn ọ̀pẹ bẹ́ẹ̀ wà lọ́jà, wọ́n sì rẹwà. Ohun tó fà á tí wọn kì í fi í tà tó royal palm ni pé ìwọ̀nba ènìyàn ló ń bi olódòdó ní ìbéèrè kan ṣoṣo kí wọ́n tó sanwó: báwo ni igi yìí yóò ṣe ga tó bó bá dàgbà tán?

Ní ti royal palm, ìdáhùn rẹ̀ ni pé ó lè ga ju mítà 20 lọ. Ilé alájà márùn-ún kò ga tó bẹ́ẹ̀. Imọ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo lè gùn tó mítà 3 sí 4, igi tó ti dàgbà sì máa ń já nǹkan bí imọ̀ kan sílẹ̀ lóṣù, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kì í rọra bọ́ bí ewé máńgòrò. Gbàà ni yóò balẹ̀, pẹ̀lú ìdí rẹ̀ tó nípọn. Gíláàsì mọ́tò, páànù òrùlé, abọ́ sátẹ́láìtì àti wáyà iná tó gba orí fẹ́ǹsì kọjá, gbogbo wọn ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọdé tó ń ṣeré náà wà níbẹ̀. Bí ìjì àkọ́rọ̀ òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, onílé tó fi owó ra ẹwà á wá máa wòkè kí ó tó gbé mọ́tò rẹ̀ síbi tó ń gbé e sí.

Yorùbá ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Òwe náà kò ṣiṣẹ́ fún ọ̀pẹ, nítorí ọ̀pẹ kò ní ẹ̀ka. Ojú kan ṣoṣo ló ti ń dàgbà, ìyẹn orí rẹ̀ níbi tí màrìwò ti ń yọ. Ẹni tó bá gé orí náà nítorí kí igi má baà ga jù ti pa á nìyẹn, ìdúró ni yóò gbẹ sí. Akọpẹ mọ èyí, adẹ́mu mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n bí ọ̀pẹ bá ti wá láti òkè òkun, ó dà bí ẹni pé gbogbo ayé gbàgbé. Máńgòrò tó bá ga jù ṣeé rẹ́. Royal palm tó bá ga jù, ọ̀nà méjì ló kù: kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí kí wọ́n gé e kúrò. Gígé rẹ̀ láàárín ilé àti fẹ́ǹsì aládùúgbò kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó kàn ní àdá lọ́wọ́. Ẹni kan gbọ́dọ̀ fi okùn gùn ún, kí ó máa gé e wálẹ̀ ní ègé ègé, owó tí yóò gbà sì lè ju owó tí wọ́n fi ra igi náà lọ dáadáa.

Ẹ̀bi igi náà kọ́. Kúbà wà lára ilẹ̀ tó ti ń dá hù, òun sì ni igi orílẹ̀-èdè náà, àwòrán rẹ̀ wà lára àmì ìjọba wọn. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀, tí wọ́n wá ń pè ní Lùkùmí, bá a níbẹ̀, wọ́n sì yà á sọ́tọ̀ fún Ṣàngó. Títí di òní, àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ní Kúbà gbà pé ilé Ṣàngó ni royal palm, pé orí rẹ̀ ló máa ń jókòó sí tí ó ti ń wo ayé. Ẹni tó bá mọ bí àrá ṣe ń wá igi tó ga ju àyíká rẹ̀ lọ yóò mọ ìdí tí wọ́n fi rò bẹ́ẹ̀. Nínú pápá tó tẹ́jú, lẹ́bàá òpópónà tó fẹ̀, níwájú yunifásítì tàbí ilé ìjọba, ibẹ̀ ni igi yìí ti ń rí àyè fi ọlá rẹ̀ hàn. Ilé tí ẹsẹ̀ mẹ́wàá bá gbé ènìyàn láti géètì dé ẹnu ilẹ̀kùn kéré fún un.

Àwọn kan á ní iyì ni àwọn ń rà, pé ọ̀pẹ kékeré jọ ohun tí ayálégbé ń gbìn sínú garawa ọ̀dà. Ó yẹ kí irú wọn gbọ́ ìtàn bottle palm. Ibì kan ṣoṣo ni igi yìí ti ń dá hù láyé, ìyẹn Round Island, erékùṣù kékeré kan tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 22 sí àríwá Mauritius nínú Òkun Íńdíà. Láyé àtijọ́, wọ́n kó ewúrẹ́ àti ehoro lọ síbẹ̀. Àwọn ẹranko náà jẹ koríko tán, wọ́n jẹ gbogbo ọ̀jẹ̀lẹ̀ tó bá yọrí, débi pé igi tó dàgbà ń kú, kò sì sí ọmọ tó ń rọ́pò rẹ̀. Ọdún 1979 ni wọ́n tó rí ẹ̀yìn ewúrẹ́ níbẹ̀, ti ehoro di 1986. Nígbà yẹn, bottle palm tó kù nínú igbó tirẹ̀ kò pé 20. Èyí tó wà nínú ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà ilé kan ní Ìbàdàn tàbí Lomé lónìí, ìbátan àwọn ìwọ̀nba tó yè bọ́ yẹn ni. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ wú bí akèrègbè ẹmu, imọ̀ orí rẹ̀ kò pọ̀, ó sì máa ń pẹ́ gan-an kí ó tó ga tó mítà 3. Bí iyì bá jẹ́ pé kí ènìyàn ní ohun tó ṣọ̀wọ́n, kí ló kù tí wọ́n ń wá lọ́dọ̀ royal palm tó wà lẹ́nu géètì gbogbo àdúgbò?

Bottle palm fẹ́ oòrùn. Àmọ́ ibi tó ṣòro jù láti gbin nǹkan sí nínú ọgbà ilé ìlú ńlá ni ẹ̀gbẹ́ ilé, àárín ògiri àti fẹ́ǹsì, níbi tí kò fẹ̀ ju ìgbésẹ̀ méjì lọ tí oòrùn kì í sì í pẹ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni lady palm ti ń ṣe dáadáa. Gúúsù China ló ti wá, àwọn ará Japan sì ti ń gbìn ín sínú ìkòkò láti àìmọye ọdún sẹ́yìn. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọparun, ó máa ń pọ̀ sí i láti ìdí, ewé rẹ̀ sì là bí ìka ọwọ́ tí wọ́n nà. Kì í sábà ga ju mítà 3 lọ. Òjìji ló fẹ́. Bí wọ́n bá gbé e sí oòrùn ọ̀sán gangan, ewé rẹ̀ á pọ́n, etí rẹ̀ á sì gbẹ, ẹni tó rà á á wá máa sọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

Areca palm, ọmọ Madagascar, ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Ẹ̀tàn díẹ̀ wà nínú tirẹ̀. Nínú ìkòkò, ọ̀pẹ kékeré ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbìn ín sílẹ̀ nínú oòrùn, ó lè ga ju mítà 6 lọ. Ohun tó gbà á là ni pé kì í ṣe igi kan ṣoṣo ló ń yọ ní ìdí rẹ̀. Bí èyí ẹ̀gbọ́n bá ga jù, wọ́n lè gé e mọ́lẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ á máa dàgbà lọ. Pygmy date palm ní tirẹ̀, tó wá láti bèbè odò Mekong ní Laos àti Vietnam, kì í sábà ju mítà 3, imọ̀ rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Àmọ́ ẹ̀gún gígùn wà ní ìdí imọ̀ yẹn, ó sì mú bí abẹ́rẹ́. Ilé tí àwọn ọmọ kékeré ti ń sáré kiri, kò yẹ kí wọ́n gbìn ín sí ibi tí ojú wọn lè kan án.

Orúkọ náà jẹ́ wàhálà. Gbogbo ohun tí ewé rẹ̀ bá ti jọ imọ̀ ni wọ́n ń tà ní palm. Travellers' palm tó tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ọ̀pẹ, ó sún mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ jù ú lọ. Ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Sago palm ló yẹ kí ènìyàn bẹ̀rù. Kì í ṣe ọ̀pẹ rárá, májèlé wà ní gbogbo ara rẹ̀, èso rẹ̀ ló sì burú jù. Ajá tó bá jẹ èso yẹn lè kú, nítorí ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́. Èso náà pọ́n bí ẹyìn. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó ti rí i tí ìyá rẹ̀ ń fi ẹyìn se ọbẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé èyí tó já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò òdòdó kì í ṣe jíjẹ? Olódòdó tó bá tà á láìsọ fún oníbàárà kò ṣe dáadáa, onílé tó bá sì rà á láìbéèrè kò sàn jù ú lọ.

Ohun mìíràn tí wọ́n fi ń polówó ọ̀pẹ inú ìkòkò ni pé ó ń fọ afẹ́fẹ́ ilé mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí jáde láti inú ìwádìí kan tí NASA gbé jáde ní 1989, níbi tí wọ́n ti kó òdòdó sínú àpótí tí wọ́n dé pa. Yàrá ènìyàn kì í ṣe àpótí tí wọ́n dé pa. Ní 2019, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Bryan Cummings àti Michael Waring ti Yunifásítì Drexel, kó ọ̀pọ̀ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n sì tún un ṣírò. Ohun tí wọ́n rí ni pé kí òdòdó tó lè fọ afẹ́fẹ́ tó bí atẹ́gùn tó ń gba inú ilé kọjá ṣe ń fọ̀ ọ́, yóò tó 10 sí 1,000 lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóòró. Kò ní sí ibi tí ènìyàn máa sùn.

Níbòmíràn, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni èyí ì bá jẹ́. Ní àdúgbò tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ké lẹ́yìn fèrèsé lóru, kì í ṣe ẹ̀rín. Èéfín carbon monoxide tó ń ti inú jẹnẹrétọ̀ jáde kò ní òórùn, àwọn ìdílé sì ti sùn tí wọn kò jí nítorí rẹ̀. Kò sí areca palm tó lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà pọ̀ bí igbó. Ẹni tó bá sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé kó ra mẹ́ta sí yàrá nítorí èéfín ń fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣeré. Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé, kí ọ̀pẹ wà fún ẹwà.

Ibi tí ọ̀pẹ kékeré ti wúlò ju ẹwà lọ ni ilẹ̀ tí wọ́n gbìn ín sí. Ọ̀pọ̀ onílé ló ti fi interlock bo ọgbà wọn láti ògiri dé ògiri nítorí kí ẹsẹ̀ má baà kan ẹrẹ̀. Òjò rọ̀, omi kò rí ibi wọ̀, ó gba abẹ́ géètì jáde sí títì, ó lọ pàdé omi ilé kejì àti ìkẹta. Bí oòrùn bá sì yọ, interlock náà á gbóná títí di alẹ́. Bí onílé bá fi ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan péré sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, kí ó gbin ọ̀wọ́ lady palm tàbí areca síbẹ̀, omi á ní ibi tó lè rọra wọlẹ̀ sí. Ìyẹn nìkan kò lè dá omíyalé ìlú dúró, ẹni tó bá sọ pé ó lè ṣe é ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n omi tó ń jáde láti ọgbà onílé yẹn á dín kù.

Ìbẹ̀rù gbòǹgbò ló máa ń jẹ́ kí àwọn bíríkìlà gba onílé nímọ̀ràn pé kó bo gbogbo rẹ̀. Ìbẹ̀rù náà tọ́ bó bá jẹ́ igi ọdán tàbí igi fúrúùtù ni, nítorí gbòǹgbò tiwọn ń sanra lọ́dọọdún títí yóò fi gbé sìmẹ́ǹtì sókè. Ti ọ̀pẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ pọ̀, ó rí bí okùn, bí ó bá sì ṣe tóbi nígbà tó jáde náà ni yóò ṣe wà. Èyí tó jẹ́ ọ̀pẹ kékeré kò ní wó fẹ́ǹsì ẹnikẹ́ni.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le, àfi pé àwọn tó ń tún ọgbà ṣe máa ń ṣe àṣejù. Wọ́n á gé imọ̀ títí yóò fi ku mẹ́ta tó dúró gangan lórí bí ìgbálẹ̀, wọ́n á ní ó ti mọ́. Ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ọ̀pẹ máa ń fa oúnjẹ kúrò lára imọ̀ àgbà láti fi bọ́ màrìwò tuntun, pàápàá potassium, èyí tí kì í pọ̀ nínú ilẹ̀ oníyanrìn etí òkun. Imọ̀ tó ń pọ́n lọ kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀. Ó dìgbà tó bá gbẹ pátápátá kí wọ́n tó gé e. Ojú ọgbẹ́ tútù pẹ̀lú máa ń pe kòkòrò dúdú ẹlẹ́nu gígùn wá yé ẹyin sára ọ̀pẹ, ọmọ rẹ̀ sì ni ìdin ńlá tí àwọn ará Niger Delta máa ń sun jẹ. Ó dùn lẹ́nu wọn, kò dára fún ọ̀pẹ.

Ní ti potassium yìí, oògùn rẹ̀ kò jìnnà. Àwọn ìyá tó ń se ọṣẹ dúdú mọ̀ pé eérú ìdì ẹyìn tí wọ́n ti yọ ẹyìn lára rẹ̀ lágbára, potassium tó kún inú rẹ̀ ló sì ń jẹ́ kó ṣeé fi se ọṣẹ. Ìkúnwọ́ kan tí wọ́n fọ́n yí ìdí ọ̀pẹ ká níbẹ̀rẹ̀ òjò, kí wọ́n sì bomi rin ín, wúlò fún un. Kí wọ́n má ṣe dà á lé e lórí, àpọ̀jù eérú ń ba ilẹ̀ jẹ́. Níbi tí omi borehole bá ti ní iyọ̀, bó ṣe máa ń rí lọ́pọ̀ ibi létí òkun, ẹnu ewé lady palm á máa jóná díẹ̀díẹ̀. Omi òjò tí wọ́n gbè sínú dúrọ́ọ̀mù ló dára fún un, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí ilẹ̀ ń tètè gbẹ. Abọ́ tí wọ́n fi sábẹ́ ìkòkò kò sì gbọdọ̀ ní omi nínú di ọjọ́ kejì, ẹ̀fọn kò mọ̀ pé ti òdòdó ni.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pẹ tó wà lókè yìí tó jẹ́ ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tó fún ayé ní ọ̀pẹ elépo kò ṣàìní ọ̀pẹ kékeré tirẹ̀. Nínú igbó gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà, títí wọ Cameroon àti Gabon, ọ̀kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Podococcus barteri. Ó fi orúkọ jọ Charles Barter, ará Britain tó bá ikọ̀ Baikie rin ìrìn-àjò Odò Ọya ní 1857. Kì í sábà ga ju mítà 3 lọ, abẹ́ òjìji igi ńlá ló ń gbé, ewé rẹ̀ sì rí bíi dáyámọ́ńdì tó wà lórí káàdì. Ohun tí ẹ̀gbẹ́ ilé olójìji fẹ́ gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn tó rí i lọ́dọ̀ olódòdó ẹ̀bá títì. Kì í ṣe pé kí àwọn ènìyàn wá kó ọkọ́ wọnú igbó lọ hú u. Igbó náà ti dín kù tó. Kóró rẹ̀ ni kí wọ́n mú hù. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí NIFOR lẹ́bàá ìlú Benin, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1939, mọ bí wọ́n ṣe ń mú kóró ọ̀pẹ hù dáadáa, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì yẹ ẹ́ ju kí olúkúlùkù máa dán an wò fúnra rẹ̀.

Ní ti àwọn olódòdó, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n má ta royal palm mọ́. Oúnjẹ wọn ni. Àmọ́ kí ló wọ́n nínú kí wọ́n so páálí pélébé mọ́ ara igi kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ àti gíga rẹ̀ bó bá dàgbà tán, kí wọ́n sì fi bírò pupa kọ májèlé sára èyí tó bá jẹ́ májèlé? Onílé tó bá ka mítà 20 tó ṣì sanwó mọ ohun tó ń rà.

Garawa ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ayálégbé náà kò sì burú. Bí onílé bá fi owó kún owó ilé lódún tó ń bọ̀, lady palm inú garawa á bá olówó rẹ̀ gun ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ilé mìíràn, royal palm tó gbìn sílẹ̀ ti di ti onílé. Kó ṣáà ti dá ihò mẹ́rin márùn-ún sísàlẹ̀ garawa náà kí omi lè máa jáde.